Ẹja Tó Kọ Oúnjẹ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ ọjọ́ orí ẹja ju bó ṣe mọ tèmi lọ. Bí wọ́n bá bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni àbúrò rẹ̀, yóò kọ́kọ́ gbójú sókè wo àjà, yóò rò ó síwá sẹ́yìn, yóò wá dá iye kan tí kò bá mi mu rárá. Ṣùgbọ́n gbé ẹja tí kò gùn ju ìka àárín lọ fún un, kó wo ìpẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, yóò sọ bí òjò tó ti rọ̀ lé e lórí ṣe pọ̀ tó. A ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi.

Aránṣọ ni èmi ní tèmi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí ní ìbéèrè tó lágbára. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹja, yálà kó jẹ́ pé ojú mi ló ṣe é, tàbí kí ẹ̀gbọ́n mi ti fi há mi létí nígbà tí mo fẹ́ jẹun jẹ́jẹ́. “Ẹ” ni mo ń pè é lójú láti kékeré, ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín, “ó” ni màá máa wí, kí ẹ má baà rò pé àwọn méjì ni. Ti bàbá wa ni mi ò jẹ́ dán wò.

Ilé iṣẹ́ omi ni bàbá wa ti ṣiṣẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fọ àwọn asẹ́ onírin tí omi odò ń gbà kọjá kó tó wọ páìpù. Ewé, ọ̀rá, ẹ̀ka igi, bàtà ọmọdé, ohunkóhun tí omi bá gbé wá, ọwọ́ wọn ló ń yọ ọ́. Ìyá wa ti kú kí n tó mọ ojú wọn dáadáa, Bàbá nìkan ló sì tọ́ wa nínú yàrá kan tó ní fèrèsé kan. Wọ́n rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Léraléra ni wọ́n ń fi ìṣó lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì wọn, tí ìdí rẹ̀ fi ń gùn sílẹ̀ bí ìrù. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á bu oúnjẹ sínú àwo méjì, wọ́n á gbé àga ti ògiri, wọ́n á máa wò wá.

“Bàbá, tiyín ńkọ́?” Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń bèèrè. Èmi, ẹnu mi ti kún.

“Mo ti jẹun níbi iṣẹ́. Ẹ jẹun, ẹ yéé wo ẹnu mi.”

Mo máa ń jowú ibi iṣẹ́ yẹn gan-an. Lójú tèmi, kò sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun tó ilé iṣẹ́ omi láyé, mo sì ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé tí mo bá dàgbà, ibẹ̀ ni màá ti ṣiṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá mú ìgò kan wọlé. Ẹja kékeré kan wà nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé gbígbẹ, etí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ó ti há sáàárín irin asẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì tíì bọ́. “N ò rí irú eléyìí rí o,” ni wọ́n wí, “mo sì ti rí ẹja.” Ẹ̀gbọ́n mi dojú kọ ìgò náà títí tí wọ́n fi ní kó pa iná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá mú un lọ sí odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ omi pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ dá ẹja náà padà. Mo rò pé ìrìn ọjọ́ yẹn ló ń rìn títí dòní, kò tíì padà wálé.

Ó kàwé. Ó kàwé débi pé kò sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ tí kò ní gbọ́ nípa omi, ẹrẹ̀ àti kòkòrò abẹ́ òkúta. Òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ̀ pé ẹja yìí wà, pé kò sì sí níbòmíràn àfi nínú odò kékeré yẹn. Ó kọ ọ́ pé abẹ́ gbòǹgbò àwọn ewéko etí omi ni ẹja náà ń yé ẹyin sí, pé tó bá ti yé e tán, ó di kó máa lọ láìwẹ̀yìn. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé abẹ́ gbòǹgbò ló ti máa ń rí àwọn ọmọ wẹẹrẹ, kì í sì í rí àgbà kankan lọ́dọ̀ wọn. Ó mọ̀ pé àwọn ẹja kan wà tó ń fi ẹnu tọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú ìdílé ẹja tiwa yìí tí wọ́n mọ̀ mọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ìwé yẹn ló sọ ẹ̀gbọ́n mi di ẹni tí wọ́n ń pè láti òkèèrè. Ní yunifásítì tó ti ń kọ́ni, Ìyá Ẹja ni gbogbo wọn ń pè é, àtẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ àtẹni tí kò rí ti ẹ̀ rò. Kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì bẹ ẹnì kankan pé kó bá òun káàánú.

Bàbá ò dúró rí gbogbo èyí. Wọ́n ṣubú síbi asẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Dókítà ní ara wọn ti gbẹ jù, pé kò sí ohun tí àìsàn ìbá tún rí jẹ níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ló di bàbá àti ìyá fún mi, ó sì ṣe é láìfi yọ mí lẹ́nu.

Nísàlẹ̀ ilé ńlá kan ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí oòrùn kì í dé. Ẹ̀gbẹ́ ògiri kan kún fún ìgò láti òkè délẹ̀, òkú ẹja sì wà nínú ọtí líle nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ti funfun bí èékánná. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni àwọn àpótí gíláàsì tí ẹja ààyè ń gbé wà, tí ẹ̀rọ kékeré kan ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi wọn, pó-pó-pó, láti àárọ̀ di alẹ́.

“Itẹ́ òkú ni yàrá yín yìí,” mo sọ fún un nígbà kan.

“Ilé ìkàwé ni,” ó fèsì. “Ìwọ ni o ò mọ̀wé kà.”

Ó ní bó ṣe ń pa ẹja, kì í sì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan bá òun ṣe é. Yóò bu omi sínú abọ́ funfun kan, yóò kán òróró kànáfùrù díẹ̀ sí i, yóò sì rọra fi ẹja náà sínú rẹ̀ kó sùn lọ. Òórùn yàrá á wá dà bí ti ẹni tí eyín ń dùn. Tí ẹja bá sùn tán, á yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò pátápátá, nítorí ó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn pa á kó má sì kọ́ nǹkan kan lára rẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí ọ̀dá dá. Ṣáájú ìgbà náà, omi odò kékeré yẹn ti kún wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé ibùsùn arúgbó kan lọ. Ìjọba wá ní àwọn yóò tọ́ odò náà kó lọ gbọnrangandan, àwọn yóò da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ní ti ẹja, wọ́n ní kò sí ìṣòro, àwọn ti ka ìwé Ìyá Ẹja: gbòǹgbò ni ẹja yìí nílò, nítorí náà àwọn yóò hú àwọn ewéko náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò lọ sínú adágún kan tí àwọn máa gbẹ́, àwọn yóò fi àwọ̀n kó àwọn ẹja náà tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹja náà ò ní gbé inú omi tí kò ṣàn. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà ní kó kọ́kọ́ fi hàn pé ẹja ọ̀hún ṣì wà, nítorí ọ̀dá ti sọ odò di kòtò omi káàkiri, gbogbo àwọ̀n tí wọ́n sì dà sínú rẹ̀, òfìfo ló ń jáde.

Méje péré ló kù, inú àpótí gíláàsì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n sì wà. Òun ló yára kó wọn kúrò kí omi tó gbẹ. Àwòrán wọn kò tó ìgbìmọ̀, àwọn ti inú ìgò àtijọ́ náà kò tó wọn. Òfin wọn ni pé kí òkú ẹja tuntun kan wà nínú ìgò, odindi, kí aṣàyẹ̀wò tiwọn lè yẹ̀ ẹ́ wò kó sì jẹ́rìí sí i. Láìsí ìyẹn, ẹja náà kò sí lójú òfin, kọnkéré yóò sì wọlé.

“Méje ni wọ́n,” ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lórí fóònù. “Wọ́n ní kí n pa ọ̀kan kí wọ́n lè gbà pé méje ni wọ́n.”

“Ẹ pa á jàre,” mo wí. “Ẹja ni.”

Ó pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí mo fi gbé oúnjẹ lọ bá a níbi iṣẹ́, tí mo sì jókòó tì í bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀. Ìgbà náà ló tọ́ka sí ọ̀kan nínú àwọn ẹja náà fún mi. Ẹ̀yìn òkúta kan ní kọ̀rọ̀ àpótí ló fara pamọ́ sí. Ó rù hangogo, orí rẹ̀ ti wá tóbi ju ara rẹ̀ lọ, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, etí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú.

“Gẹ̀gẹ̀ ló ń ṣe é,” ni ó wí. “Ẹja inú gíláàsì máa ń ní in. Kì í jẹun mọ́. Mo sọ oúnjẹ sí i níwájú, ó yíjú kúrò. Kò ní pẹ́ kú. Tó bá kú fúnra rẹ̀, màá gbé e fún wọn, mi ò sì ní í pa ẹnikẹ́ni.”

“Ẹnikẹ́ni,” mo tún ọ̀rọ̀ náà wí. Ó fajú ro kókó.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ikú ẹja. Kò sí ìdúró tó burú tó o. Láràárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa pè é.

“Ṣé ó ti kú?”

“Kò tíì kú.”

“Kí ló ń dúró dè?”

“Wá bi í.”

Ẹja náà kò kú, kò sì jẹun. Ó ń rù sí i, ó ń dì mọ́ ẹ̀yìn òkúta rẹ̀, tí àwọn yòókù bá sì sún mọ́ ọn, á lé wọn bí ẹni tí kò ṣàìsàn rárá. Ẹ̀gbọ́n mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Tí mo bá gbé oúnjẹ lọ, á ní kí n gbé e sílẹ̀, tí mo bá sì padà dé, mo máa bá a níbi tí mo gbé e sí. Mo bínú sí òun, mo bínú sí ẹja, mo bínú sí ìjọba. Ọjọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀ ń sún mọ́lé, ẹni tí a ń dúró dè kọ̀ kò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, ó pè mí kí n tó pè é. “Máa bọ̀,” ló wí. “Mi ò fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí mi.” Ìṣẹ́tí aṣọ oníbàárà kan ni mò ń fọwọ́ rán lọ́wọ́. Mo dìde bẹ́ẹ̀ náà, pẹ̀lú fìlà irin kékeré tí àwa aránṣọ máa ń fi bọ ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún wa. Inú ọkọ̀ ni mo tó mọ̀ pé ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo bá a tó ti bu omi sínú abọ́ funfun. Òórùn kànáfùrù ti gba gbogbo yàrá. Ó ti pinnu pé èyí tó ń ṣàìsàn náà ni, torí pé òun ló máa kọ́kọ́ kú bó ti wù kó rí, àwọn mẹ́fà tó le á sì ṣẹ́kù. Mi ò rí àṣìṣe kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí onímọ̀ ẹja tí ìbá rí i. Ó fi àwọ̀n kékeré gbé ẹja náà. Ẹja náà kò jà. Ńṣe ló pa ẹnu dé pinpin, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lóògùn kíkorò.

“Má bínú,” ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un, ó sì rọra tú u sínú abọ́.

Ó lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ó fì sápá kan. Ẹnu rẹ̀ wá là díẹ̀díẹ̀, nǹkan kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ sì jáde láti inú rẹ̀. Hóró ìrẹsì náà ní ojú méjì. Ó ń lúwẹ̀ẹ́.

Òmíràn tún jáde, òmíràn tún tẹ̀ lé e, wọ́n wá ń ya jáde wìtìwìtì.

“Omi!” Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi rí. “Omi inú àpótí, bù ú wá! Yára!”

Mo bù ú, mo dà á sílẹ̀, mo tún bù ú. Ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́. Ó gbé ẹja náà sínú omi tó mọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e dúró, ó ń tì í síwá sẹ́yìn kí omi lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Èmi ń fi ṣíbí bu àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bọ́ sínú omi kan náà. Wọ́n ń jí. Bí wọ́n ṣe ń jí ni wọ́n ń sáré lọ bá ẹja náà, wọ́n ń forí gbá a lẹ́nu, wọ́n ń wá ọ̀nà àtiwọlé. Ẹnu náà ti padé, kò sì ṣí mọ́.

“Jọ̀ọ́,” ẹ̀gbọ́n mi ń wí. “Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, dìde.”

Kò dìde. Ẹja tó ti jẹun ì bá jí, ṣùgbọ́n kò sí okun kankan lára eléyìí mọ́. Ó di òkú sí i lọ́wọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń kanlẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n rí i pé ibẹ̀ ò ṣí, wọ́n túká. Wọ́n ń sá kiri, wọ́n ń forí sọ ara gíláàsì, bí ẹni tí iná jó mọ́lé. “Ibi tó ṣókùnkùn ni wọ́n ń wá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ ṣùgbọ́n ojú náà kò kúrò lára wọn. “Wọ́n á fi sísá pa ara wọn. Wá nǹkan fún mi, nǹkan tó dúdú, tó ní ihò.”

Mo wò yíká, gíláàsì àti abọ́ funfun nìkan ni mo rí. Mo bọ́ fìlà irin ọwọ́ mi fún un. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, inú rẹ̀ ti dúdú. Ó ṣàn án dáadáa, ó tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ omi. Ọ̀kan nínú wọn yọjú wò ó, ó wọlé. Àwọn yòókù rọ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀ títí tí a ò fi rí ìrù ẹnì kankan mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi náà jókòó tì í. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ń ṣe pó-pó-pó lẹ́yìn wa.

“Akọ ni,” ló wí nígbà tó yá. “Pupa etí lẹbẹ yẹn, akọ ló ń ní in. Bàbá wọn ló ń kó wọn sẹ́nu. Kì í ṣe gẹ̀gẹ̀. Kò lè jẹun torí pé ẹnu rẹ̀ kún fún ọmọ. Tí a bá fi àwọ̀n ńlá wọ́ wọn nínú odò, ìbẹ̀rù á jẹ́ kí wọ́n tu àwọn ọmọ sílẹ̀, àwọn ọmọ á gba ojú àwọ̀n bọ́ lọ. Èyí tí kò bá sì bọ́ lọ, inú omi tí mò ń dà nù ló wà. Láti gbogbo ọdún yìí wá, mò ń dà wọ́n nù.”

Mo dì í mú, ó sì sunkún sí mi léjìká bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, torí pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ lé e lọ sí ìpàdé. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ fún ẹnjiníà tó fẹ́ da kọnkéré náà, ó sì dùn mí nígbà tí mo rí i pé ọmọlúwàbí ni, tó dìde kí wa, tó gbé àga fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìgò rẹ̀ ka tábìlì. Aṣàyẹ̀wò wò ó sókè sódò, ó ní òun gbà, ẹja náà nìyẹn, ó ṣì wà. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin àgbàlagbà kan, bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi jókòó nígbà náà, kò sẹ́ni tí ìbá bi í léèrè ohunkóhun. Kò jókòó.

“Ohun tí mo kọ nípa ẹja yìí kò tọ̀nà,” ló wí.

Ó ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, kò yọ nǹkan kan sílẹ̀, títí kan omi tó ti dà nù. Ó ní tí wọ́n bá fi àwọ̀n kó ẹja yìí lọ sí adágún, gbogbo bàbá ni yóò tu ọmọ rẹ̀ dànù, ìran náà á sì tán. Ó ní gbòǹgbò kì í ṣe ibi tí wọ́n ń bímọ sí, ibi ìsinmi bàbá tí ebi ń pa ni.

Ẹnjiníà náà dìde. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìjà. “Màmá, ẹ má bínú. Orí ìwé yín ni a gbé gbogbo ètò wa kà. Tí ìwé yẹn ò bá tọ̀nà, kí ló máa jẹ́ ká gba ti òní gbọ́?”

Ìbéèrè náà dára jù.

“Ẹ má gbà mí gbọ́,” ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ẹ wá wò wọ́n.”

Wọ́n wá. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́lẹ̀ yẹn, pẹ̀lú bàtà dídán wọn. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ kọjá lókè omi, kí òjìji rẹ̀ bọ́ sórí àwọn ọmọ náà. Wẹ́rẹ́, wọ́n rọ́ wọnú fìlà irin. Ó gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n tún yọjú jáde. Ẹnjiníà kúnlẹ̀ tòun ti ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe.” Ó tún un ṣe. Ọkùnrin náà pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, kò sì tún bi í ní ìbéèrè mọ́.

Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n fi apá òkè odò náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n mọ odi síhà àwọn ilé dípò kọnkéré inú omi. Ẹnjiníà yẹn gan-an ló ya àwòrán odi náà. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí wọ́n ti gbé ìwé rẹ̀ jáde pé àṣìṣe ni. Àwọn kan ní yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Ìyá Ẹja tí kò mọ bí ẹja ṣe ń tọ́mọ. Ó dé etí mi. Ó sàn kí àwọn ènìyàn náà má ránṣọ lọ́dọ̀ mi.

Òjò padà rọ̀, odò kún, ó sì mọ́. A gbé àwọn ẹja náà lọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́ omi, àwọn àgbà mẹ́fà àti àwọn ọmọ, tí wọ́n ti dàgbà kọjá ohun tó lè wọnú fìlà aránṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọ inú omi dé orúnkún. Kò dà wọ́n. Ó tẹ korobá náà rì sínú omi, ó ń dúró kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde, bí ó bá jẹ́ pé ẹja ní ẹsẹ̀. Wọ́n jáde lọ sábẹ́ gbòǹgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò sì rí wọn mọ́.

A jókòó sórí koríko. Mo tú oúnjẹ tí mo gbé wá, mo sì sún un sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ìwọ jẹ,” ó wí. “Mo ti jẹ...” Ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó yíjú sí ògiri ilé iṣẹ́ omi, ó sì ń wò ó lọ.

“Lọ́sẹ̀ tí a sin Bàbá,” ló wí, “èmi ni mo wá kó ẹrù wọn níbí. Aṣọ iṣẹ́ wọn, búrọ́ọ̀ṣì wọn, ife wọn. Mo ní kí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ibi tí wọ́n ti máa ń jẹun hàn mí. Mo ṣáà fẹ́ jókòó síbi tí Bàbá máa ń jókòó sí.”

“Ṣé wọ́n fi hàn yín?”

“Wọ́n ní kò sí irú ibi bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kálukú ló ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá láti ilé, pé àwọn ò rí kí Bàbá gbé nǹkan kan wá rí.”

Omi ń ṣàn níwájú wa. Mo rántí àwo méjì, mo rántí àga tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo sì rántí bí ẹnu mi ṣe máa ń kún.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“O ṣì ń sọ kiri pé ibẹ̀ lo máa ti ṣiṣẹ́.”

Mo bu oúnjẹ náà sí méjì, mo gbé ìdajì lé e lọ́wọ́. Mo dúró títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, kí n tó fọwọ́ kan tèmi.